Ìka Ọwọ́ Kò Ṣeé Pààrọ̀: Àmì Ara àti Ìwé Orúkọ Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ní ilé iṣẹ́ ńlá èyíkéyìí tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá pọ̀, ì báà jẹ́ báńkì, yunifásítì tàbí ilé ìwòsàn, ìwé orúkọ kan wà tí ojú kì í sábà rí. Inú kọ̀ǹpútà ni ìwé náà ń gbé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni orúkọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ka tó wà, ọ̀gá tó ń jíṣẹ́ fún, àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀, ibi tí wọ́n gbà á láyè láti dé àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé. Nígbà tí akọ̀wé owó bá tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ láàárọ̀, tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ ṣí fáìlì aláìsàn, tí olùkọ́ bá fẹ́ tẹ ìwé jáde lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní yàrá kejì, ìwé yìí ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń bi léèrè pé: ta nìyí, kí ló sì lẹ́tọ̀ọ́ sí? Directory ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè é. Ìwé orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni yóò máa jẹ́ níhìn-ín.

Ọdún 1988 ni àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ tẹlifóònù gbé ìlànà tó gbòòrò jáde fún irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní X.500. Ìlànà náà kún, ṣùgbọ́n ó wúwo ju ohun tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì ìgbà náà lè gbé lọ. Ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà ni Tim Howes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gé e kúrú, tí wọ́n fi ṣe LDAP, tí ìlànà rẹ̀ sì jáde ní 1993. Ọdún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ Novell mú ìwé orúkọ tirẹ̀ wá pẹ̀lú ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, NetWare 4. Active Directory ti Microsoft dé pẹ̀lú Windows 2000 ní oṣù kejì ọdún 2000, òun sì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò títí di òní.

Ọ̀nà tí ìwé náà gbà tò kò ní ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹni tó ń wá Àjàní ní Ìbàdàn kì í sọ pé Àjàní nìkan, nítorí Àjàní pọ̀ nígboro. Ọmọ ta ni, agbo ilé wo, àdúgbò wo, ni yóò fi júwe rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń to ènìyàn sábẹ́ ẹ̀ka, ẹ̀ka sábẹ́ ilé iṣẹ́, tí ènìyàn méjì kò fi ní dà pọ̀ mọ́ra. Lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni oríṣiríṣi àyè wà: àyè fún nọ́ńbà fóònù, fún fọ́tò, fún ọ̀rọ̀ aṣínà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní pásíwọ́ọ̀dù. Kíkà ni wọ́n ń ka ìwé yìí ju kíkọ lọ: wọ́n lè kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n sì kà á ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí sáfà púpọ̀, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn yòókù lóhùn, ọ̀kan ní Èkó, ọ̀kan ní Àbújá, ọ̀kan ní Kánò, kí iṣẹ́ má baà dúró bí ọ̀kan bá kú. Àyípadà tó bá bá ẹ̀dà kan, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Àṣà ẹ̀dà ṣíṣe yìí dára púpọ̀ fún orúkọ àti nọ́ńbà fóònù. Ó di ọ̀rọ̀ mìíràn nígbà tí ohun tí wọ́n ń dà kọ bá jẹ́ ara ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ aṣínà ni ìwé orúkọ mọ̀ látilẹ̀. Kì í tọ́jú ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà. Ó máa ń fi ìṣirò lọ̀ ọ́ kúnná bí ìgbà tí wọ́n bá lọ ata, ata tó ti di lílọ̀ kò sì ṣeé kó padà di odindi. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kọ̀ǹpútà á lọ èyí náà, á sì fi lílọ̀ méjèèjì wéra. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, lílọ̀ rẹ̀ á yàtọ̀ pátápátá. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ètò kan tí ń jẹ́ Kerberos, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní MIT ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1980, á já tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Tíkẹ́ẹ̀tì yìí ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò máa fi hàn káàkiri fún wákàtí mélòó kan, lọ́dọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, lọ́dọ̀ ímeèlì, lọ́dọ̀ fáìlì, láì tún bi í ní ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́.

Àléébù ọ̀rọ̀ aṣínà ni pé ohun tí ènìyàn mọ̀ ló ń fi hàn, kò fi ẹni tó jẹ́ hàn. Ẹni tó bá yọjú wò ó láti ẹ̀yìn, tàbí tó rí i lórí bébà abẹ́ kíbọ́ọ̀dù, ti di onílé nìyẹn. Níbi tí iṣẹ́ ti ń kánjú, bíi yàrá ìtọ́jú pàjáwìrì, ẹnì kan lè ṣí kọ̀ǹpútà kí gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ máa lò ó lórúkọ rẹ̀. Bí àṣìṣe bá wá ṣẹlẹ̀ lórí oògùn, àkọsílẹ̀ yóò sọ pé òun ló ṣe é. Èyí ló mú kí àwọn ilé iṣẹ́ yíjú sí ara ènìyàn fúnra rẹ̀.

Fífi ara ṣe ẹ̀rí ti pẹ́. Ní 1858, ní Bengal ní Íńdíà, William Herschel tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú kí agbaṣẹ́ṣe kan tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí ìwé àdéhùn. Ní 1892 ni Francis Galton tẹ ìwé odindi jáde lórí ìlà ìka. Ohun tí kọ̀ǹpútà mú wá ni ìyára. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka òde òní á wá ibi tí ìlà ìka ti pin àti ibi tó ti là sí méjì bí oríta, á sì kọ ipò wọn àti ibi tí wọ́n dorí kọ sílẹ̀ ní nọ́ńbà. Àkójọ nọ́ńbà yìí ni àdàkọ àmì ara, òun ni wọ́n sì ń tọ́jú dípò àwòrán ìka. Ojú náà ní tirẹ̀: John Daugman ti Yunifásítì Cambridge ló wá ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ òrùka aláwọ̀ tó yí ọmọlójú ká di òdo àti oókan 2,048 tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Gbogbo rẹ̀ kò ju báìtì 256 lọ, kò tó ọ̀rọ̀ tó wà nínú ímeèlì kúkúrú. Ìwé orúkọ yóò gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láì mọ̀ ọ́n lára. Bó ṣe fúyẹ́ yìí gan-an ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn, tí wọ́n fi ń rò pé kí wọ́n ṣáà jù ú sí àyè tí ọ̀rọ̀ aṣínà wà tẹ́lẹ̀, kí ọ̀rọ̀ parí.

Ọ̀rọ̀ kò lè parí bẹ́ẹ̀, nítorí ìka kan náà kì í tẹ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọyẹ́ lè mú un gbẹ, òógùn lè mú un tutù, ó lè yí díẹ̀ sápá òsì, ó lè ní ojú ọgbẹ́ ọ̀bẹ. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ bá kọ lónìí yóò jọ ti àná, kò ní bá a dọ́gba. LDAP ní iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ compare: wọ́n á kó nǹkan fún ìwé orúkọ, á sì dáhùn pé ó bá èyí tó wà lọ́wọ́ òun mu tàbí kò bá a mu. Kò mọ ohun tí ń jẹ́ jíjọ. Ọgbọ́n lílọ̀ náà kò ṣiṣẹ́, nítorí bí ìyàtọ̀ bíńtín bá wà láàárín ìka àná àti tòní, lílọ̀ wọn kò ní jọ ara wọn rárá. Àdàkọ ìka gbọ́dọ̀ wà ní odindi nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi wé òmíràn. Nínú ìṣòro gbogbo tó yí ọ̀rọ̀ yìí ká, èyí ni gbòǹgbò.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe nílò ohun èlò mìíràn tí yóò máa fi ìka wé ìka. Òun á fún jíjọ náà ní máàkì, olùtọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì pinnu máàkì tó tó láti gba ènìyàn wọlé. Àṣìṣe méjì ló lè tibẹ̀ wá: kí ẹ̀rọ gba àlejò bí onílé, tàbí kí ó ti onílé sẹ́yìn. Bí wọ́n bá gbé máàkì náà sókè, àlejò á dín kù, ṣùgbọ́n onílé tí yóò dúró síta á pọ̀. Bí wọ́n bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó di òdì kejì. Apple sọ nípa ìka títẹ̀ orí fóònù rẹ̀ pé bí ìka àjèjì kan bá kàn án, ẹ̀ẹ̀kan nínú 50,000 ni ó lè ṣèèṣì ṣí. Fún ojú, ó sọ pé ẹ̀ẹ̀kan nínú mílíọ̀nù kan.

Ibí yìí gan-an ni ìwé orúkọ ti wúlò jù. Ká ní ẹ̀rọ kan ń ṣi àlejò gbà lẹ́ẹ̀kan nínú 10,000. Bí òṣìṣẹ́ bá kọ́kọ́ sọ orúkọ rẹ̀, ìwé orúkọ á fa àkọsílẹ̀ ẹni náà nìkan yọ, ẹ̀rọ á fi ìka wé ìka kan, ewu rẹ̀ á sì dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kàn tẹ ìka láì sọ orúkọ, tí ẹ̀rọ ní láti wá a láàárín òṣìṣẹ́ 1,000, ewu pé yóò jọ ti ẹnì kan níbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Láàárín òṣìṣẹ́ 5,000, ó di nǹkan bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Ilé iṣẹ́ tó bá ní kí àwọn òṣìṣẹ́ òun má ṣe sọ orúkọ mọ́ nítorí ìrọ̀rùn, owó tó ń san fún ìrọ̀rùn náà pọ̀.

Níbo wá ni àdàkọ náà yóò máa gbé? Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí wọ́n là àyè tuntun sínú ìwé orúkọ, kí wọ́n sì fi àdàkọ ìka sábẹ́ orúkọ olúwa rẹ̀. Ó rọrùn, kò sì ná wọn ní ohun púpọ̀: òṣìṣẹ́ tó tẹ ìka ní Èkó lè dé Kánò ní ọ̀la kí kọ̀ǹpútà ibẹ̀ dá a mọ̀. Ewu rẹ̀ ni pé ìwé tí gbogbo ènìyàn ń kà ni ìwé orúkọ, ẹ̀dà rẹ̀ sì pọ̀. Sáfà tó wà nínú yàrá kékeré ní ẹ̀ka ìlú kan, tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, yóò gbé ìka gbogbo òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà. Ní 2008 ni Microsoft ṣe irú sáfà kan fún ẹ̀ka bẹ́ẹ̀, tí kì í tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà àfi ti àwọn tí wọ́n bá dìídì yàn, nítorí wọ́n mọ̀ pé olè lè gbé e lọ. Bí wọ́n bá ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ aṣínà báyẹn, ìka yẹ fún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n jí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ yóò yí i padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìka mẹ́wàá ni Ọlọ́run dá mọ́ ọn, kò ní sí ìkọkànlá.

Irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2015, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ kéde pé wọ́n ti wọlé jí àkọsílẹ̀ ènìyàn mílíọ̀nù 21.5, ìka títẹ̀ ènìyàn mílíọ̀nù 5.6 sì wà nínú rẹ̀. Kò sí lẹ́tà tí ọ́fíìsì kankan lè kọ sí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ pé kí wọ́n lọ pààrọ̀ ìka wọn. Ìka tí wọ́n jí sì ní ohun tí wọ́n lè fi ṣe: ní 2002, Tsutomu Matsumoto àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní Japan fi gelatin, ohun rírọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe súìtì, mọ ìka èké tí ó tan ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀ka jẹ. Ẹ̀rọ tó ń wò bóyá ìka náà wà láàyè ti wọ́pọ̀ láti ìgbà náà, àwọn tó ń mọ ìka èké náà kò sì dúró sójú kan.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n ya ilé àdàkọ sọ́tọ̀. Nínú ètò yìí, nọ́ńbà ìtọ́kasí nìkan ni ìwé orúkọ ń gbé. Àdàkọ wà lórí sáfà mìíràn tí wọ́n ti fi àṣírí dì, tí òun fúnra rẹ̀ ń fi ìka wé ìka, tí kì í sì í fún ẹnikẹ́ni ní ohun mìíràn ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn kan tilẹ̀ gbé àdàkọ kúrò lórí sáfà pátápátá: káàdì òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 2005, ìka olówó rẹ̀ méjì ló ń gbé sínú ara rẹ̀.

Ohun tó jọ ọ̀nà kejì yìí ni àwọn ará Nàìjíríà ń bá pàdé lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ gbòòrò ju ti ìwé orúkọ ilé iṣẹ́ lọ. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báńkì, ní oṣù kejì ọdún 2014, ibi kan ṣoṣo ni wọ́n kó ìka àti fọ́tò àwọn oníbàárà jọ sí. Nọ́ńbà onídíjíìtì 11 ni báńkì kọ̀ọ̀kan so mọ́ àpò owó. NIN náà, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti orílẹ̀-èdè, tí òfin tó dá àjọ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ ti 2007, díjíìtì 11 ni. Íńdíà ní Aadhaar, onídíjíìtì 12, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn ní 2010. Ìka mẹ́wàá, ojú méjèèjì àti àwòrán ojú ni wọ́n ń gbà sílẹ̀, bí ilé iṣẹ́ kan bá sì béèrè bóyá ìka báyìí jẹ́ ti nọ́ńbà báyìí, wọ́n lè dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ láì fi ìka náà hàn án. Ẹ̀rọ BVAS tí àjọ elétò ìdìbò Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2021 gba ọ̀nà mìíràn: àkọsílẹ̀ àwọn olùdìbò ibùdó kan ni wọ́n kó sínú ẹ̀rọ kan, kí ó lè ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé. Kì í ṣe ìwé gbogbo orílẹ̀-èdè ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń gbé kiri, ìpinnu tó mọ́gbọ́n dání sì ni.

Ọ̀nà kẹta ló dára jù fún ọ́fíìsì, ó sì yẹ kí wọ́n yé e dáadáa, nítorí ó yí ìbéèrè náà padà. Nínú rẹ̀, ìka kì í kúrò lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Windows Hello, tó dé pẹ̀lú Windows 10 ní 2015, ń ṣe é báyìí: ní ọjọ́ àkọ́kọ́, òṣìṣẹ́ á fi ọ̀rọ̀ aṣínà àti ẹ̀rí mìíràn, bíi fóònù rẹ̀, fi ara rẹ̀ hàn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ á wá rọ kọ́kọ́rọ́ méjì tó jẹ́ ìbejì. Ọ̀kan jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀, tó ń gbé inú ègé ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n kàn mọ́ kọ̀ǹpútà náà, tí kì í sì í jáde níbẹ̀. Èkejì jẹ́ kọ́kọ́rọ́ gbangba, òun ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ìwé orúkọ, sábẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́ náà. Láti 2016 ni Active Directory ti ní àyè tí wọ́n dìídì là fún un.

Láti ọjọ́ kejì lọ, ìka kò ṣe ju kí ó ṣí àpótí tí kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ wà. Kọ̀ǹpútà á kọ ìbéèrè tó ní ọjọ́ àti àkókò ìṣẹ́jú yẹn nínú, á fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ buwọ́ lù ú, á sì fi ránṣẹ́. Sáfà á mú kọ́kọ́rọ́ gbangba nínú ìwé orúkọ, á fi yẹ ìbuwọ́lù náà wò. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, Kerberos á já tíkẹ́ẹ̀tì bí ó ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Àdàkọ ìka kò rin ojú ọ̀nà rárá. Ẹni tó bá jí gbogbo ìwé orúkọ náà gbé, kọ́kọ́rọ́ gbangba ló máa bá níbẹ̀ dípò ìka, kọ́kọ́rọ́ gbangba kò sì ṣí ilẹ̀kùn kankan. Ẹgbẹ́ FIDO mú irú ètò yìí dé orí íntánẹ́ẹ̀tì; ní oṣù kẹta ọdún 2019 ni àjọ tó ń ṣètò ìlànà wẹ́ẹ̀bù fọwọ́ sí i.

Ohun tí ọ̀nà kẹta gbé fún ìwé orúkọ láti máa ṣọ́ ti wá di kíkọ dípò kíkà. Ní 2021, àwọn onímọ̀ ààbò fi hàn pé bí ẹnì kan bá rí àṣẹ láti kọ nǹkan sí àyè kọ́kọ́rọ́ gbangba ẹlòmíràn, ó lè fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ síbẹ̀, kí ó sì máa wọlé lórúkọ ẹni náà láì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, láì fọwọ́ kan ìka rẹ̀. Nítorí náà, iye àwọn tó ní àṣẹ kíkọ sí àyè yìí gbọ́dọ̀ kéré gan-an, kí olùtọ́jú sì máa wo àkọsílẹ̀ àwọn tó kọ nǹkan síbẹ̀ lóòrèkóòrè.

Nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tí ó lè dára ju iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gba ìka sílẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá gba ìka Ṣadé lórúkọ Bọ́lá lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ yóò máa jẹ́rìí èké láti ìgbà náà lọ pẹ̀lú ìdánilójú. Ènìyàn gbọ́dọ̀ jókòó níbẹ̀ tó mọ òṣìṣẹ́ lójú, tó yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ọ̀nà àbáyọ náà gbọ́dọ̀ wà fún ẹni tí ìka rẹ̀ kò bá tẹ̀. Bíríkìlà tí sìmẹ́ǹtì ti jẹ lọ́wọ́, àgbẹ̀, ìyá tó ti ń bó ẹ̀gẹ́ láti ogún ọdún, arúgbó tí ìlà ìka rẹ̀ ti tẹ́: ọwọ́ wọn mọ́, iṣẹ́ ló fọ ìlà náà dànù. Káàdì tàbí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò fún irú wọn, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n ti ń tọ́jú ìka, nítorí ẹnu ọ̀nà yìí ni olè yóò kọ́kọ́ dán wò.

Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ka àmì ara tí wọ́n fi ń dá ènìyàn mọ̀ sí ohun ẹlẹgẹ́ tó nílò ìṣọ́ra ju orúkọ àti nọ́ńbà fóònù lọ. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n máa ń mọ̀ bóyá ilé iṣẹ́ kan náání èyí. Olùtọ́jú á ti orúkọ rẹ̀ pa nínú ìwé orúkọ, kò sì ní pẹ́ tí ímeèlì, fáìlì àti ilẹ̀kùn gbogbo yóò fi ti mọ́ ọn, nítorí ìwé kan náà ni gbogbo wọn ń bi léèrè. Bó bá jẹ́ ọ̀nà kẹta ni wọ́n ń lò, kọ́kọ́rọ́ gbangba á bá orúkọ lọ, wọ́n á sì nu kọ̀ǹpútà alágbèéká náà nígbà tó bá dá a padà. Bó bá jẹ́ ọ̀nà kejì, pípa orúkọ rẹ́ kò kan ilé àdàkọ. Ìka rẹ̀ ṣì wà lórí sáfà kejì, àti nínú gbogbo ẹ̀dà ìpamọ́ tí wọ́n ti ṣe láti ọjọ́ tó ti gba iṣẹ́, títí ẹnì kan yóò fi dìídì lọ síbẹ̀ lọ pa á rẹ́.